Èémí Ni Agbára: Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Dísù àti Àwọn Tó Fẹ́ Kó Sáré

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé ewì kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn ni. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: "Ìwọ tó o ń kọ́ Yorùbá, tó o ń kọ ewì kiri, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì?" Èsì mi kò gùn. Ẹ́ńjìnnì náà ní ìtàn, ó sì ní orúkọ. Orúkọ èèyàn ni a ń pè lójoojúmọ́ nígbà tí a bá ní "dísù", àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwa tí wọ́n ń kọ́ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó yẹ ká mọ ilé tí orúkọ yìí ti wá.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èrò kan tó gbilẹ̀ láàárín wa. Bí típà 911 bá ń gun òkè, tó ń ké, tó ń tú èéfín dúdú lé gbogbo ayé lójú, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan yóò sọ pé, "Ẹ́ńjìnnì yìí mà lágbára o!" Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí a kò rí èéfín rẹ̀, a ó ní kò ní nǹkan kan nínú. Irọ́ gbuu ni. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló sì ń tẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: èéfín kì í ṣe agbára. Èémí ni agbára. Èéfín dúdú ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, tí kò jóná tán. Owó ni, tó ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde.

Ọkùnrin tó ni orúkọ náà

Rudolf Diesel ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Paris ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1858. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì ní ọdún 1870, àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù wọn, ó di ìlú London. Ọmọ ọdún 12 ni Rudolf nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣọwọ́ sí àwọn ẹbí ní ìlú Augsburg ní Jámánì, kó lè kàwé. Ó kàwé lóòótọ́. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Munich, Carl von Linde, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe gudugudu méje lórí ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ohun kan ló ń dun ọmọkùnrin yìí. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi gbígbóná ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo, òun ló ń wa rélùwéè, òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀, bí a bá dáná fún ẹ̀rọ yẹn, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú iná náà, ó máa ń fi ìdá 90 ṣòfò, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyàwó ilé kan bá se ìkòkò ọbẹ̀ kan, tó da èyí tó pọ̀ jù sí kòtò, ṣé a ò ní pariwo lé e lórí? Diesel rò ó pé ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà tó rí. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù náà máa ń gbóná. A kò dáná sí i o. Afẹ́fẹ́ tí a ń fún pọ̀ ló gbóná. Diesel ní kí a fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ gidigidi, títí ooru rẹ̀ yóò fi ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a wá fín epo díẹ̀ sínú rẹ̀. Epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹtiróòlù nílò pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i; dísù kò nílò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ìṣáná rẹ̀.

Ó gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní ọdún 1893. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ló dán ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wò ní Augsburg. Bó ṣe gbiná báyìí, gbàù! Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára inú rẹ̀ fọ́ yángá, díẹ̀ ló kù kó pa á. Ọkùnrin náà kò sá. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí di ọdún 1897. Ní ọdún yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò níwájú ayé. Agbára rẹ̀ kò ju bíi ti ẹṣin 20 lọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ooru epo rẹ̀ di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ooru omi ìgbà náà tó lè sún mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1900, wọ́n fi òróró ẹ̀pà wa ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Diesel fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ń ronú nípa ẹ̀pà tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ṣé ẹ rí i? Wọn ò tíì kó dísù dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wọ́n ti ń wo ẹ̀pà wa fún un.

Ikú ọkùnrin yìí bani nínú jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden láti Antwerp lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn atukọ̀ kan rí òkú kan nínú òkun, àwọn ohun tó wà lápò rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi mọ̀ pé baba òun ni. Bóyá ó bẹ́ sómi ni o, bóyá wọ́n tì í ni o, àwọn òpìtàn kò tíì fẹnu kò títí dòní. Ohun tó dájú ni pé kò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kankan tó ń lo ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó fún un ní èémí

Bí mo bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni kan ṣoṣo tó sọ dísù di alágbára, ẹ ó dárúkọ Diesel. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un: Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland.

Büchi wo ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé ohun tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ṣì gbóná, ó ṣì ń fi agídí jáde. Ó ní kí ló dé tí a fi ń jẹ́ kí agbára yẹn lọ lásán? Ó fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan sí ọ̀nà èéfín, kí èéfín máa yí i bí omi ṣe ń yí ẹ̀rọ. Ó wá fi irin so kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ kẹ̀kẹ́ kejì tó wà ní ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń yí, ti kejì ń yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń tì í wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Èéfín tó ń jáde ló ń ti èémí wọlé. Òun ni a mọ̀ sí tọ́bò. Ọdún 1905 ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ayé gbá a mọ́ra lójú ẹsẹ̀? Rárá o. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi ń ṣe é, tó ń kùnà, tó ń tún un ṣe. Àárín ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi méjì ní Jámánì, Preussen àti Hansestadt Danzig. Ẹ́ńjìnnì ibẹ̀, tó jẹ́ pé agbára ẹṣin 1,750 ni ìbá ní, wá ní 2,500. Wọn ò sọ ọ́ di ńlá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí ni wọ́n fi kún un.

Àwa ọmọ Yorùbá kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ẹ wo bí èémí àti ẹ̀mí ṣe jọra lẹ́nu wa. Ẹni tí kò mí ni a ń pè ní òkú.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọkọ̀ bẹtiróòlù, bí dírẹ́bà bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló ń ṣí. Nínú dísù àtijọ́, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà gbogbo. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, epo nìkan lẹ ń fi kún. Lára pọ́ńpù tó ń fín epo yìí ni ìdè kékeré kan wà tó ń sọ pé, "Kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ." Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ sáré, ìdè yẹn ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Yóò yí i díẹ̀, epo yóò pọ̀ sí i, agbára yóò sì pọ̀ sí i lóòótọ́, níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ṣì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá ibẹ̀, epo tó ń wọlé kò ní rí afẹ́fẹ́ tó máa bá a jó. Èéfín dúdú dé nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí a ń fi òkèlè kún ẹnu ọmọ tí imú rẹ̀ dí. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Kò rí mí ni.

Ohun tó tún burú ni ooru. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì bẹtiróòlù mọ̀ pé bí epo bá kéré jù ló ń gbóná. Ti dísù yàtọ̀. Bí epo bá pọ̀ jù ni ooru ń pọ̀, títí tí yóò fi yọ́ orí písítìn, tí yóò fi ba tọ́bò jẹ́. Àwọn mẹkáníìkì tó ń tún pọ́ńpù àti nọ́súlù tírélà ṣe nílé wa mọ èyí ju àwa tó ń kàwé lọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Mọ́tò tó kú nítorí ìdọ̀tí

Láàárín ìgbà náà, dísù ti bọ́ sínú mọ́tò. Ilé iṣẹ́ Bosch ti ń ta pọ́ńpù tó lè wọn epo kín-ún kín-ún láti ọdún 1927. Ní ọdún 1936, Mercedes-Benz gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní 260 D. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà méjì àbọ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 45. Ẹ rọra fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Àwọn onítakisí fẹ́ràn ọkọ̀ yìí nítorí kì í jẹ epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní ọkọ̀ eré sísá.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clessie Cummins kò gbà pé dísù kò lè sáré. Ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana, ibi ìdíje ńlá Indianapolis 500 kò sì jìnnà sí i. Ní ọdún 1931, ó gbé ọkọ̀ dísù lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yára tó àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ó sá 500 máìlì láìdúró ra epo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ṣe ipò kẹtàlá. Kò sí ọkọ̀ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀.

Ọdún 1952 ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Ilé iṣẹ́ Cummins tún gbé òmíràn wá. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi tọ́bò sí i. Fred Agabashian ló wà á. Nígbà tí wọ́n ń dán àwọn ọkọ̀ wò láti mọ ẹni tó máa dúró níwájú, dísù yìí ló gba ipò iwájú: 138 máìlì láàárín wákàtí kan. Ẹ fojú inú wò ó! Ẹ́ńjìnnì tírélà ló dúró níwájú gbogbo ọkọ̀ eré sísá Amẹ́ríkà.

Àmọ́ ọkọ̀ náà kò parí eré. Lẹ́yìn tó yí pápá náà ká ní ìgbà 71 nínú 200, ó dúró. Kí ló pa á? Wọ́n fi ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tọ́bò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ jù. Rọ́bà táyà àti ìdọ̀tí ojú ọ̀nà kóra jọ, wọ́n dí i lẹ́nu. Epo wà nínú táńkì. Dírẹ́bà ò ṣàárẹ̀. Kò rí mí mọ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní kí n fi ìtàn kan ṣoṣo ṣàlàyé gbogbo àròkọ yìí, ìtàn ọkọ̀ 1952 yìí ni màá sọ.

Láti ẹṣin 45 dé ẹṣin 120

Ó tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn kí tọ́bò tó wọ ọkọ̀ dísù ayọ́kẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rà nílé ìtajà. Mercedes 300 SD ni, wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà fún ọdún 1978. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ti kọ́ ayé lọ́gbọ́n nígbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti ṣòfin pé kí ọkọ̀ dín epo jíjẹ kù.

Ní ọdún 1989, Audi gbé ọkọ̀ Audi 100 TDI jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi lítà méjì àbọ̀, bíi ti 260 D àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ṣé ẹ rántí agbára ti àkọ́kọ́? Ẹṣin 45. Ti Audi yìí? Ẹṣin 120. Ìwọ̀n ikùn kan náà, agbára tó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ! Mẹ́ta lohun tó fà á. Èkíní, tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Èkejì, wọ́n ń kọ́kọ́ tu afẹ́fẹ́ náà kó tó wọlé, nítorí afẹ́fẹ́ tútù a máa sún mọ́ra ju gbígbóná lọ, a sì máa pọ̀ sí i nínú àyè kan náà. Ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń wọn epo. Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, BMW ti fi tọ́bò mẹ́ta sínú ẹ́ńjìnnì dísù lítà mẹ́ta, agbára rẹ̀ di ti ẹṣin 381.

Epo náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìrì. Ní ọdún 1997, ọkọ̀ Alfa Romeo 156 di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó lo ọ̀nà tuntun kan: wọ́n á fún epo pọ̀ sínú páìpù kan tí gbogbo nọ́súlù jọ ń mu nínú rẹ̀. Agbára tí wọ́n fi fún un pọ̀ tó bar 1,350. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tó, afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kò ju bíi bar 2 lọ púpọ̀. Epo tí wọ́n bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ fín máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìrì, afẹ́fẹ́ sì máa ń rí ọ̀nà yí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ká. Ó ń jó tán. Èéfín dín kù, agbára pọ̀ sí i, ariwo rọlẹ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà!

Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ń fi dísù ṣe yẹ̀yẹ́ dákẹ́. Ní ọdún 1998, BMW dísù gba ipò kìíní nínú eré wákàtí 24 ti Nürburgring ní Jámánì. Ní ọdún 2006, Audi R10 gba ipò kìíní ní Le Mans ní Faransé, agbára rẹ̀ ju ti ẹṣin 650 lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ọkọ̀ náà kì í pariwo. Láti ọdún yẹn títí di 2014, ọkọ̀ dísù nìkan ló ń jáwé olúborí níbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006 yìí kan náà, JCB, àwọn tó ń ṣe katakata aláwọ̀ òféèfèé tó ń gbẹ́lẹ̀ lójú títì, mú ẹ́ńjìnnì katakata méjì, wọ́n tún wọn ṣe títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní agbára ẹṣin 750, wọ́n sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ gígùn kan. Andy Green wà á lórí ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní Amẹ́ríkà: 350 máìlì láàárín wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbẹ́ kòtò o!

Nígbà tí wọ́n gbé sípánà sílẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa òǹkọ̀wé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba ìṣàkóso epo, yíyí ìdè kò wúlò mọ́. Iye epo, àkókò tí wọ́n máa fín in, bí tọ́bò ṣe máa tì tó, gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i, àtúnkọ ló máa ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọ ohun èlò kékeré tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, okùn kan láti kọ̀ǹpútà alágbèéká sí abẹ́ sítíárì ti tó.

Ìdí tó fi ń ṣeé ṣe ni pé ilé iṣẹ́ kì í lo gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì wọn. Wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ooru, fún òtútù, fún epo tí kò dára, fún dírẹ́bà tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń tà ní oríṣi agbára méjì, nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Àtúnkọ tó mọ níwọ̀n máa ń lo díẹ̀ nínú àyè yẹn. Àtúnkọ oníwọra a máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀, tọ́bò á fọ́, gíà á sunkún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè tún kọ, èèyàn tún lè fi purọ́. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ló fi èyí han ayé. Wọ́n kọ nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dísù wọn tó lè mọ̀ ìgbà tí àwọn ìjọba bá ń yẹ ọkọ̀ náà wò. Níbi àyẹ̀wò, ọkọ̀ náà á mí wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde á kéré. Tó bá bọ́ sí títì, ó di ẹlòmíràn: oró tó ń tú jáde lè tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin Amẹ́ríkà gbà. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì West Virginia ló gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò sínú ọkọ̀, tí wọ́n wà á lójú pópó dípò inú gáréèjì; wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ tó ní irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú tó mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èéfín nìwà. Volkswagen rò pé àwọn lè bò ó.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló jẹ̀bi o. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń yọ asẹ́ tó ń gba èéfín lára ọkọ̀ wọn kúrò kó lè yára sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi epo kún un kó lè tú èéfín dúdú lé ẹlòmíràn lójú, wọ́n ń fi ṣeré. Ní ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí àyíká níbẹ̀ ṣírò pé ọkọ̀ dísù tí wọ́n ti yọ irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá ju 550,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2012 ni àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kéde pé èéfín dísù ń fa àrùn náà.

Ọ̀rọ̀ ilé wa

Ní ilé wa, kì í ṣe nítorí eré sísá la ṣe ń lo dísù. Tírélà ló ń lò ó, típà ló ń lò ó, jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé ìfowópamọ́ àti ti ilé iṣẹ́ ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń bá wọn wí. Bí ọkọ̀ bá ń tú èéfín dúdú, tí kò sì lè gun òkè mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń rò ni pé epo kò tó. Wọ́n á ní kí wọ́n ṣí pọ́ńpù sí i. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ló ti dí pẹ̀lú eruku, tàbí pé nọ́súlù ti gbó, kò fín epo bí ìrì mọ́, ńṣe ló ń kán an tó-tó-tó. Ìtọ́jú tó dín owó jù lọ nìyẹn, òun náà ló sì ń dá agbára padà. Ohun tó pa ọkọ̀ ọdún 1952 ṣì ń pa ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa.

Ẹ wá wo ẹni tó ń san gbèsè náà. Ìyá tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì, ọmọ tó ń kiri omi láàárín gosíló, ọlọ́kadà tó dúró sí ẹnu sàlẹ́ńsà tírélà, dókítà kankan kò kìlọ̀ fún wọn. Èémí tí ẹ́ńjìnnì kò rí gbà, ẹ̀dọ̀fóró wọn ló fi ń dí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó ń wa ọkọ̀ ńlá, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún un. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ wò kí wọ́n tó ní kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan pọ́ńpù. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní akéwì kan ni. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà ṣí i wò.